Ìka Sàdíátù

"Bàbá, ẹ ti ìka yín bọ inú ihò!" Ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ló kígbe bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri pákó tí wọ́n dá ihò kékeré kan sí.

Ìka alápatà Òjó kò wọ ihò. Kókó kan tó ń wú lábẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ti sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ di ńlá. Láti 1955 ni kò ti rí bàtà wọ̀. Dókítà fẹ́ yọ kókó náà, àmọ́ ó ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó kì í tètè dìde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Oṣù kan gbáko ni alápatà ti fi ń jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù.

Ó fa ọwọ́ Sàdíátù, ìyàwó rẹ̀. "Ki tìrẹ bọ̀ ọ́. Ṣebí ilé kan náà la ti ń jẹun."

Abẹ́rẹ́ gún Sàdíátù. Wọ́n dúró.

"Háà, bàbá! Ẹ̀jẹ̀ yín tún dín sí ti tẹ́lẹ̀!"

Alápatà kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o kì í jẹ nínú ẹ̀dọ̀ yẹn ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án."

Alápatà tú ẹ̀dọ̀ díndín tó gbé dání, ó kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Jẹ ẹ́ kíákíá," ló wí. "Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi."