Tọkọtaya Kan, Yàrá Méjì Lójú Òkun

Obìnrin kan ṣubú sí balùwẹ̀ yàrá rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́. Ọkọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ kan náà, àmọ́ yàrá tirẹ̀ wà ní àjà ìsàlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ kà á tán ná, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbọ́ "ọ̀fẹ́" tí etí yín á nà ró.

1.
Aago ni ọkọ ń tún ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Aago sì làwọn aládùúgbò ń pè é. Kì í ṣe ahun, àmọ́ kò lè fara da kí ohun tó tọ́ sí i bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi owó náà ra ìpín ìdókòwò nílé iṣẹ́ kan tó ní ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́. Ó ra tirẹ̀, ó sì ra ti ìyàwó rẹ̀ sórúkọ ìyàwó.

Ilé iṣẹ́ yìí máa ń ṣe àwọn tó ní ìpín lóore. Bí wọ́n bá wọ ọkọ̀, wọ́n á fi owó díẹ̀ sí àkáǹtì yàrá wọn. Èèyàn ò lè kó o lọ sílé. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ná an, ní ṣọ́ọ̀bù, nílé oúnjẹ, lọ́dọ̀ onídìrí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ó wọmi nìyẹn. Òfin kan sì wà níbẹ̀: yàrá kan, ẹ̀bùn kan. Bí ẹni méjì tó ní ìpín bá jọ wà nínú yàrá kan, ti ẹnì kan ni wọ́n máa rí gbà.

2.
"Yàrá méjì la máa gbà," Bàbá Aago sọ fún ìyàwó rẹ̀ nínú ilé ìdáná.

Ìyàwó, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún se oúnjẹ nílé ìwé, gbé ọ̀bẹ tó fi ń bó ọsàn sílẹ̀. "Ta ló tún ń bá wa lọ?"

"Èmi àtìwọ náà ni."

"Ṣé a ti jà tí n ò mọ̀ ni?"

"Ìjà kẹ̀? Ìfà ni. Bí a bá sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀bùn méjì la máa gbà."

"Bàbá ọmọ mi, ilé la ti ń jọ sùn látìgbà tí irun yín ṣì dúdú. Ojú òkun lẹ wá fẹ́ kí n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá sùn?"

"Àbí àárò híhanrun mi ló máa sọ ọ́?"

"Híhanrun yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé mi ò dá wà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọkọ ti sanwó.

Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo pè lórí fóònù. "Dádì, òòyì tó ń kọ́ Mọ́mì ńkọ́? Ta ló máa wà lọ́dọ̀ wọn?"

"Àtẹ̀gùn ló wà láàárín wa, kì í ṣe orílẹ̀-èdè."

"Owó yàrá kejì yẹn gan-an ju ẹ̀bùn náà lọ, Dádì."

"Ìwọ ò mọ ọ̀rọ̀ ìpín ìdókòwò. Fi sílẹ̀."

3.
Lójú omi, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń wo òkun. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kálukú á gba yàrá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó ní ibùsùn òun fẹ̀ jù. Ó ní ìrọ̀rí kejì lòun máa ń gbé sẹ́yìn, kó lè dà bíi pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín," ló sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Bí wọ́n bá rí i pé yàrá kan ṣófo, wọ́n lè gba ẹ̀bùn wọn padà. Fara dà á, ó ti ń parí lọ."

Ìyàwó ò ná nǹkan kan nínú ẹ̀bùn tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ bi í léèrè ìdí, ó ní, "Bí mo bá ra aṣọ, ta ni n ó wọ̀ ọ́ hàn nínú yàrá?"

4.
Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gúnlẹ̀, ìyàwó ò wá jẹun. Bàbá Aago rò pé oorun ló ń sùn. Ẹ̀bùn tòun fúnra rẹ̀ ṣì ṣẹ́ kù, ọkọ̀ sì ti ń sún mọ́ èbúté, ló bá gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Èrò pọ̀ níbẹ̀, torí gbogbo ẹni tó ní àṣẹ́kù ló wà lórí ìlà. Ó mú èyí, ó dá a padà, ó mú tọ̀hún, kí nǹkan kan má bàa ṣòfò. Níkẹyìn, ó ra aago ọwọ́ fún ìyàwó rẹ̀, òun tí aago kún ilé rẹ̀ fọ́fọ́.

Ó wá lọ kanlẹ̀kùn. "Ìyá wọn! Ṣílẹ̀kùn, wá wo ohun tí mo rà fún ọ."

Kò sí ìdáhùn. Ó gbé etí sí ilẹ̀kùn, ó gbọ́ bí ẹni ń kérora. Káàdì tó fi ń ṣí yàrá tirẹ̀ ò ṣí i. Ó sáré pe obìnrin tó ń tún yàrá ṣe.

"Ẹ má bínú, sà. Orúkọ yín ò sí lórí yàrá yìí."

"Ìyàwó mi ni!"

"Yàrá tiyín dà, sà?"

"Ìsàlẹ̀ ni."

Obìnrin náà wò ó, ó wo ilẹ̀kùn. "Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀gá mi."

Òun ò jẹ̀bi, òfin iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ọ̀gá dé, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, orí ilẹ̀ balùwẹ̀ ni wọ́n ti bá ìyá. Apá kan ara rẹ̀ ò gbéra mọ́.

Dókítà inú ọkọ̀ ní rọpárọsẹ̀ ni. "Bàbá, oògùn kan wà tí ilé ìwòsàn lè fún wọn bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì pẹ́. Aago mélòó ló ṣẹlẹ̀?"

Bàbá Aago wo páálí aago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aago mélòó lẹ rí wọn gbẹ̀yìn?"

"Alẹ́ àná," ló sọ. "A ò jọ sùn."

Torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, wọn ò lè fún un ní oògùn náà.

5.
Ẹ̀yin òǹkàwé, ìdókòwò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀bùn kì í sì í ṣe májèlé. Àmọ́ kí ẹ tó na ọwọ́ gba ohun ọ̀fẹ́, ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín máa jù sílẹ̀ kó tó lè gbà á. Bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń sùn, tí ẹ jọ ń jí ni, ẹ jẹ́ kí ọ̀fẹ́ náà wọmi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó ń wá ìfà, òfò ló ń wá.

Ìyá wà lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ báyìí, kò sì tíì lè sọ̀rọ̀. Aago tuntun náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Bàbá Aago ń dá sùn nílé.