Ẹ̀sùn Lórí Ìwé Tíṣà Vergnes

Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ bá bọ́ọ̀sì ìfìwéránṣẹ́ lọ ní aago mẹ́rin ọ̀sán. Bí kò bá bá a lọ, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ yóò fọwọ́ sí i pé kí Tíṣà Vergnes lo ọdún méjì tó kù kó tó fẹ̀yìn tì ní Montréjac. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lù. Sidonie, akọ̀wé ìlú, kò tíì kọ ju “Ọ̀gá wa” lọ.

Ìwé tí tíṣà náà kọ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ogún Ọdún ní Montréjac ni àkọlé rẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè àjàrà ló fi ẹ̀dà kan ta ìlú lọ́rẹ, ó ní kí wọ́n máa yá a láti ilé dé ilé. Ilé mọ́kànlá ni ìwé náà ti wọ̀, ó sì mọ́ tónítóní bí ọjọ́ tó dé. Sidonie náà gbé e sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, èèyàn kì í kí tíṣà mọ́. Ẹnì kan ti sọ òkò fọ́ fèrèsé rẹ̀.

Cazals, olórí ìlú, ní kí Sidonie lọ gba ẹ̀sùn jọ. Ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Firmin oníbúrẹ́dì.

“Kọ ọ́ sílẹ̀,” ni Firmin wí. “Ó ní mò ń po ànàmọ́ mọ́ ìyẹ̀fun.”

“Ànàmọ́? Ẹ̀yin?”

“Ta ló bi ẹ́? Ìwọ ṣáà máa kọ ọ́. Kí ló wá dé ẹ̀yìn ààrò mi tó fi rí i?”

Opó Roubaud fà á wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

“O ti ka ibi òkúta ààlà yẹn, àbí?”

“Òkúta wo, Màmá?”

“Má ṣojú ayé fún mi, jàre! Èyí tí mo sún wọ oko ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré! Ó wá sọ ọ́ di odindi orí kan.”

Sidonie ní òun rántí ibẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Cazals ló gbẹ̀yìn.

“Pákó òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ta ló sọ fún un pé inú abà mi ló wà?”

“Kí n kọ ìyẹn náà, ọ̀gá?”

“Ṣé orí ẹ pé? Kọ ọ́ pé ó parọ́ burúkú mọ́ olórí ìlú. Má da ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kọ nínú ìwé yẹn. Dì í mọ́ lẹ́tà, kí àwọn náà fojú ara wọn rí i.”

Òfin ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu tíṣà. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ni Sidonie ti bá a, ó ń fọ ìda oyin kúrò lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń wúkọ́ nínú ilé.

“Bí wọ́n bá lé wa lọ sórí òkè oníyìnyín, àyà Honorine kò ní gbà á,” ni ó sọ. “Ṣé ìwọ náà kà á, Sidonie?”

“Mo kà á, sà.”

“Títí dé ìparí?”

“Títí dé ìparí.”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

“Mo rò pé inú yín á dùn sí i ni. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Mi ò lè pa ìlà kan rẹ́ níbẹ̀.”

Sidonie kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jiyàn. Lẹ́tà náà bá bọ́ọ̀sì lọ.

Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gbé tíṣà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan lórí òkè. Honorine kò rí òpin oṣù kejì níbẹ̀. Tíṣà tuntun dé, ọmọdé ni, kì í kọ nǹkan kan.

Nígbà tí àwọn igi àjàrà tún ń rúwé, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ dá ìwé náà padà pẹ̀lú lẹ́tà, Sidonie sì kà á sókè fún ìgbìmọ̀: “Etí ojú ewé rẹ̀ ṣì so pọ̀ bó ṣe ti ilé ìtẹ̀wé dé, kò sí bí èèyàn ṣe lè kà á láìfi ọ̀bẹ là á, kò sì sí ọ̀bẹ tó kàn án rí, èmi ni mo là á, mo kà á tán, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú yín, kòkòrò oyin tí tíṣà ń sìn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló kọ nípa rẹ̀.” Inú kọ́bọ́ọ̀dù ìlú ni ìwé náà wà báyìí, kò tíì sẹ́ni tó wá yá a.