Monínúọlá Gbọ́ Ìdajì Ọ̀rọ̀

Bí ènìyàn bá sọ nǹkan méjì fún Monínúọlá Adébíyìí, èyí tó wù ú nínú méjèèjì nìkan ni yóò mú lọ. Àbùkù rẹ̀ nìyẹn. Olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìyìn-Èkìtì, Àdó sì ni òun àti Ọlálérè ọkọ rẹ̀ ń gbé. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ohun tó bá ti dáwọ́ lé, kò ní sinmi títí yóò fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í gba ohun tí kò bá ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ mu.

Ara rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi ń dùn ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa ń ru. Lọ́dún kan, nígbà tí àwọn olùkọ́ ń yan ní pápá ìṣeré Àdó lọ́jọ́ àjọ̀dún wọn, agbedeméjì ló ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà ló pinnu pé òun yóò ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín àpò oúnjẹ inú ikùn kù.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Kó tó kúrò nílé ìwòsàn, Hafsoh, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, fa àga sún mọ́ ọn.

"Mà, oúnjẹ yín yóò kéré báyìí. Nítorí náà, èyí tẹ́ ẹ bá jẹ gbọ́dọ̀ ṣe ara lóore. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, nǹkan mímu ni. Lẹ́yìn náà, ẹja, ẹyin tàbí ọ̀ọ̀lẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa jẹ, kẹ́ ẹ rún un kó kúnná. Ẹ má mu omi mọ́ oúnjẹ. Ẹ máa lo oògùn fítámìn yìí lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì máa wá ká yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò."

"Kí n jẹun díẹ̀. Mo ti gbọ́."

"Díẹ̀ nìkan kọ́ ni mo wí, mà."

"Mo ní mo ti gbọ́."

Oṣù àkọ́kọ́, ó ṣe é bó ti tọ́. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, ó sì sáré gbé ẹyin sísè kan mì láìrún un dáadáa. Ó bì í. Láti ọjọ́ náà ló ti pa ẹyin tì, ó pa ẹja tì, tíì àti bisikíìtì méjì lójúmọ́ ló wá kù tó ń jẹ. Oògùn fítámìn náà ń mú kí èébì máa gbé e, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gun òṣùwọ̀n, bó sì ti ń fúyẹ́ sí i ni inú rẹ̀ ń dùn. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Sísí.

Ìyá rẹ̀ gbé ẹja yíyan àti ọ̀ọ̀lẹ̀ wá láti Igbemọ.

"Monínú, kí lo jẹ lónìí?"

"Mo ti mu tíì, Mọ́mì."

"Tíì? Wo irun rẹ bó ṣe ń re dànù."

"Irun á tún hù. Ẹran tó kúrò lára mi yìí ni kò gbọdọ̀ padà wá."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ọlálérè sọ̀rọ̀. "Ìyá Pamílẹ́rìn, nọ́ọ̀sì tún pè. Ó ní o ò wá fún àyẹ̀wò."

"Bàbá Pamílẹ́rìn, ẹ ṣáà wò mí. Ṣé báyìí ni ẹni tára rẹ̀ ò yá ṣe ń rí?"

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí ìgbà tí èèrà ń rìn níbẹ̀. Bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ní mọ̀. Èébì rẹ̀ náà tún pọ̀ sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ọjọ́ àjọ̀dún àwọn olùkọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì ti búra pé iwájú lòun yóò wà.

Iwájú náà ló wà. Wọ́n fun fèrè, ó gbẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì, kò mọ ìgbà tí tòsì kanlẹ̀. Ó ṣubú. Ó dìde, ó tún ṣubú. Àwọn ènìyàn sáré sí i.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Mo máa rìn!" ló ń kígbe.

Ẹsẹ̀ kò dá a lóhùn. Gbígbé ni wọ́n gbé e kúrò ní pápá náà.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ fítámìn léraléra. Hafsoh kò bá a wí. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mà, ẹ rò pé ọ̀rá nìkan lẹ̀ ń fi ebi pa. Iṣan ẹsẹ̀ yín náà lẹ ti febi pa."

"Ṣé yóò padà sípò?"

"Apá kan lè padà. Mi ò lè ṣèlérí gbogbo rẹ̀."

Ọdún kan gbáko ni Monínúọlá kò fi lè dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé. Wọ́n gbé kíláàsì rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wàyí o, ó ń jẹ ẹja rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó ń rún un pẹ̀lú sùúrù, kì í sì í fo oògùn rẹ̀ dá. Lójoojúmọ́ ló ń fi ọ̀pá rìn láti ẹnu ọ̀nà lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ sókè, bó bá sì ṣubú, á dìde, á tún un kà láti orí ení. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jí. Wíwọ́ ló ṣì ń wọ́ tòsì títí dòní, àwọn dókítà sì ti sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé ọ̀tọ̀ ni kí ara fúyẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí ara le. Iṣẹ́ abẹ lè dín àpò oúnjẹ kù, ṣùgbọ́n kò dín ohun tí ẹ̀jẹ̀, egungun àti iṣan ń béèrè kù. Ẹni tó bá ṣe é, kó jẹ ojúlówó oúnjẹ, kó lo oògùn rẹ̀, kó sì padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè é. Ẹni tó sì jẹ́ onípinnu bíi Monínúọlá, kó kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tán kó tó pinnu, torí agbára tí ì bá fi wo ara rẹ̀ sàn ni Monínúọlá fi ba ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́.