Rédíò Tí Kò Ní Bátìrì

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Ìyá Mojoyin gbé rédíò alákásẹ́ẹ̀tì olóògbé ọkọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo tú u wò. Kò sí bátìrì, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì ti dípẹtà.

"Mà, èyí kò ṣeé tún ṣe. Ẹ kúkú ra tuntun."

"Ṣé ó dá yín lójú pé kò lè fọhùn mọ́?"

"Òkú irin ni!" Mo fi ìkanra dáhùn.

Bí mo ṣe kẹ̀yìn láti wá ọ̀rá tí màá fi wé e, ohùn kan pè mí.

"Àdìgún!"

Ìyá mi tó ti kú nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè mí. Mo ti jẹ́ "Mà!" kí n tó rántí pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí.

Kásẹ́ẹ̀tì inú rédíò náà ti ń yí. Ìyá Mojoyin káwọ́ lérí.

"Bí ọkọ mi náà ṣe dáhùn nìyẹn."