Bàbá Àyálò

Ojú Digambar kì í kúrò nínú àwo ẹlòmíràn. Bàbá rẹ̀ ló ni ìdajì ilẹ̀ ìrẹsì tó wà nísàlẹ̀ òkè wa, òun sì ni àkọ́bí. Síbẹ̀, bí ó bá rí ọmọ òṣìṣẹ́ tó ń jẹ máńgòrò, á gbà á, á gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, á sì sọ ọ́ nù. Kì í ṣe ebi ló ń pa á. Kò kàn lè fara dà á kí nǹkan kan wà láyé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lára àwọn tó ń ro ilẹ̀ náà ni Lakhma, àgbàlagbà kan nínú àwa ẹ̀yà Warli, tí kò mọ̀wé rárá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Jethi. Ẹsẹ̀ lásán ni Jethi fi ń rin máìlì mẹ́rin lọ sílé ìwé, títí ó fi gboyè yunifásítì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ lábúlé wa.

Lọ́dún kan, ìjọba kéde ipò akọ̀wé ilẹ̀ kan ṣoṣo. Òfin ya ipò náà sọ́tọ̀ fún irú àwa tí wọ́n ti gba igbó baba wa lọ́wọ́ wa. Jethi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé fún ìdánwò rẹ̀. Digambar náà gbọ́, ara sì ń ta á. Ó gbé àpò irúgbìn ìrẹsì kan, ó wá sí ahéré Lakhma.

"Bàbá, ẹ tẹ̀ka síbí. Ìwé irúgbìn ni." Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè é ní Bàbá.

"Ọ̀gá kékeré, kí lẹ tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?" Lakhma ń rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ ti lọ. Ìka nìkan ló kù."

"Ìka yẹn gan-an ni mo wá gbà."

Arúgbó tẹ̀ka. Ìwé ìbúra ni, kì í ṣe ìwé irúgbìn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé Lakhma ló bí Digambar, pé ilé onílẹ̀ ni wọ́n kàn ti wò ó dàgbà. Digambar náà búra sí i pé onílẹ̀ yẹn kì í ṣe bàbá òun. Ìwé yìí ló fi gba ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ẹ̀yà wa ni òun, ó sì jókòó ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Digambar ló ṣe ipò kìíní, Jethi ṣe ipò kejì. Máàkì kan péré ló wà láàárín wọn, Digambar sì ni wọ́n gbà síṣẹ́.

Jethi ka orúkọ náà lára ògiri: Digambar, ọmọ Lakhma. Ó sáré wálé.

"Bàbá, ṣé ẹ bí ọkùnrin kan tẹ́ ò sọ fún mi?"

Lakhma kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé tán, ó tẹjú mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ títí. Ó ní, "Ìka yìí ni. Ìka yìí ni mo fi tà ọ́."

Jethi kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ẹ̀yà àwọn òṣìṣẹ́ wò. Ìwé náà sùn sórí tábìlì. Lọ́dún kejì, nígbà ìkórè, Lakhma kú. Lọ́dọ̀ wa, bí bàbá bá kú, ọmọ ọkùnrin gbọ́dọ̀ fá orí àti túbọ̀mu rẹ̀. Nítorí Lakhma kò ní ọmọkùnrin, àbúrò rẹ̀ ló fárí, òun náà ló sì dáná sí òkú.

Ọdún kẹfà ni ìgbìmọ̀ tó jókòó. Digambar ti kọ́ àṣà wa sórí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ìṣirò. Wọ́n bi í pé ta ló ń darí ìgbéyàwó wa, ó ní obìnrin ni, ó sì dárúkọ òrìṣà wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Alága ń mi orí pé òótọ́ ni. Jethi wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun béèrè ìbéèrè kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí Bàbá wa kú?"

Digambar kò retí èyí. "Mo kúkú wà níbẹ̀. Èmi ni mo dáná."

"Ṣé ẹ fárí?"

"Mo fá orí, mo fá túbọ̀mu. Àṣà wa ni."

Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Jethi gbé ìwé ikú Lakhma kalẹ̀, ó sì gbé àwòrán kan lé e. Iléeṣẹ́ Digambar ni wọ́n ti ya àwòrán náà lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, déètì wà lára rẹ̀. Digambar dúró láàárín, orí kún fún irun, túbọ̀mu rẹ̀ tẹ̀ sókè bí ìwo ẹfọ̀n.

Alága wo àwòrán náà dáadáa. "Ọ̀gbẹ́ni, irun yín mà yára hù o."

Wọ́n wá ìwé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jáde. Orúkọ onílẹ̀ ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n gba iṣẹ́, ilé ẹjọ́ sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n.

Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ṣe ipò kejì kì í pẹ́ ju ọdún kan lọ lórí ìwé ìjọba. Wọ́n ní kí Jethi dúró de ìkéde mìíràn. Títí di òní, ó ń tu koríko nínú ìrẹsì onílẹ̀.

Digambar ṣì wà lẹ́wọ̀n nígbà tí bàbá rẹ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n tú u sílẹ̀ ni bàbá náà kú. Ó fárí, ó fá túbọ̀mu, ó sáré dé etídò níbi tí wọ́n ti ń sun òkú. Àkọ́bí ni iná tọ́ sí. Madhukar, àbúrò rẹ̀, ló dínà fún un, ìwé ìbúra yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta lẹ wá sin?"

"Madhukar, má ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi ni."

"Ìwé yín sọ pé kì í ṣe bàbá yín, ẹ sì búra sí i. Bàbá tiyín ti kú tipẹ́, ẹ ò yọjú. Ẹ kúrò nídìí òkú wa."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Madhukar dáná. Digambar dúró lókèèrè pẹ̀lú orí fífá, títí èéfín fi tán. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀, ìwé yẹn kan náà ni wọ́n tún fi lé e jáde.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá gba ipò tí òfin yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí a ti rẹ́ jẹ, ó rẹ́ ẹ jẹ lẹ́ẹ̀kejì ni. Ẹ má ṣe yá ìran oníran nítorí oúnjẹ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà sí tiyín, ẹ lè bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ́ ẹ jẹ́ kí ìwé ọmọ tálákà sùn lórí tábìlì fún ọdún mẹ́fà, ẹ má rò pé Digambar nìkan ni ìtàn yìí ń bá wí. Òun ló jalè. Ẹ̀yin lẹ bá a gba ẹrù olè sílẹ̀.