Ẹja Onítìjú Tí Ṣekárími Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa

Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ohun ẹlẹ́mìí síkàáwọ́ yín rí, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí kanlẹ̀. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ wá fi í sílẹ̀ o, torí ìdajì rẹ̀ lè bà yín nínú jẹ́, ọpẹ́ sì wà níwájú.

1.
Màmá Jésùlọlá, ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Bọ́láwárìn, ti ṣe tíṣà pẹ́ ní Bódìjà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ tó kọ́ kẹ́yìn fi àpótí gíláàsì ńlá kan ta á lọ́rẹ, pẹ̀lú ẹja omi òkun mẹ́ta nínú rẹ̀. Méjì jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, wọ́n ní ilà funfun lára, wọ́n sì yájú. Ẹ̀kẹta ló kéré jù: iwájú rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Inú ihò òkúta ló máa ń fara pamọ́ sí. Màmá sọ ọ́ ní Onítìjú. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń dà á láàmú, iwájú àpótí yẹn ló máa ń jókòó sí nínú ilé wọn l'Ákòbọ́ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

2.
Jésùlọlá bímọ ní Àbújá, Màmá sì ní láti lọ bá a wẹ ọmọ. Kó tó wọ mọ́tò, ó bẹ ọkọ rẹ̀.

"Dádì Jésùlọlá, ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún wọn. Ẹ má fi ẹja mìíràn kún wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbá gíláàsì yẹn."

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹja lásán? Èmi tí mo ti sin adìyẹ kún ọgbà rí! Ìwọ lọ wẹ ọmọ-ọmọ wa ní tìẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó sin adìyẹ kò tíì sin ẹja.

3.
Bọ́láwárìn fẹ́ràn kí wọ́n máa yin òun. Kò pẹ́ tó fi pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wá wo ẹja. Àyànkúnlé, ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí.

"Èyí tó wà nínú ihò yẹn ńkọ́? Àbí ó ti kú ni?"

Ojú ti Bọ́láwárìn. Ó fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ gbá gíláàsì, kó, kó, kó. "Jáde, kí wọ́n rí ọ!"

Ńṣe ni Onítìjú tún wọnú lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Bọ́láwárìn lọ sí Dùgbẹ̀, ó ra ẹja búlúù ńlá kan àti gílóòbù tó mọ́lẹ̀ yòò, ó fi ẹja náà kún tinú àpótí, ó sì tan gílóòbù náà lé e lórí. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹja búlúù yẹn kò jẹ́ kí Onítìjú sinmi. Bó bá ti yọrí, á lé e padà. Bí oúnjẹ bá bọ́ sítòsí rẹ̀, á já a gbà.

4.
Onítìjú kò jẹun mọ́. Bọ́láwárìn rò pé oúnjẹ ni kò pọ̀ tó, ó bá ń dà á sí i. Èyí tó ṣẹ́ kù rì sísàlẹ̀, ó jẹrà. Omi dọ̀tí, ó ń rùn. Nígbà tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ẹja ọsàn méjèèjì ti léfòó, wọ́n dojú ikùn sókè. Onítìjú ti rù kan eegun, ó ń mí gúlegúle.

Bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún, Màmá ló pè. "Dádì, ẹ jẹ́ kí n rí àwọn ẹja mi."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí," ó parọ́, ó sì pa fóònù.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun náà kò jẹun mọ́.

5.
Nígbà tí kò lè gbé e mọ́ra mọ́, ó pè é padà.

"Ìyá Jésùlọlá, mo parọ́ fún ọ. Gbogbo ohun tó o ní kí n má ṣe ni mo ṣe. Méjì ti kú. Ẹ̀kẹta ń kú lọ."

Ẹkún ọmọ jòjòló ń dún lọ́hùn-ún.

"Ṣé Onítìjú ṣì ń mí?" ni Màmá béèrè.

"Ó ń mí."

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ẹ tètè pe Zùwáírátù."

6.
Zùwáírátù àti Màmá jọ ṣe tíṣà ni. Àdúgbò Ṣàngó ló ń gbé, òun náà sì ń sin ẹja omi òkun. Nígbà tó dé, ó gbọ́ òórùn omi náà, kò sì bá Bọ́láwárìn wí.

"Dádì, ẹ̀rù ló ń ba ẹja yìí. Ta ló lè jẹun níbi tí wọ́n ti ń lù ú?"

Wọ́n mú ẹja búlúù, wọ́n dá a padà fún ẹni tó tà á. Wọ́n fa oúnjẹ tó jẹrà jáde. Zùwáírátù bu díẹ̀ nínú omi náà dànù, ó fi omi oníyọ̀ tó ti pò wá látilé rọ́pò rẹ̀.

"Ẹ má pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn náà á tún já a láyà."

Ó pa gílóòbù, ó ta aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ kan gíláàsì, ó to òkúta kí ibi ìsápamọ́sí lè pọ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú ìgò kan jáde. Edé tín-ín-tìn-tín tó ṣì ń wẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó na rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tú edé náà sínú omi sí Bọ́láwárìn.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fún un. Díẹ̀ báyìí, lẹ́nu ihò ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kúrò níwájú ẹ̀."

Onítìjú gbé ẹyọ kan sẹ́nu, ó tu ú. Ọkàn Bọ́láwárìn rẹ̀wẹ̀sì.

"Ẹ ní sùúrù, Dádì. Ó ti gbìyànjú."

Láti ìgbà náà, Bọ́láwárìn kò tan tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ mọ́. Fàráńdà ló ti ń gba àlejò. Ó ń yọ́ rìn bí ẹni tí ọmọ ń sùn nílé rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sọ́ọ̀ọ́kán, ó rí i tí orí elésè àlùkò yẹn yọ. Ẹja náà gbé edé kan mì. Ó gbé òmíràn. Bọ́láwárìn fọwọ́ bo ẹnu, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó tẹ ìyàwó rẹ̀ láago.

"Ìyá Jésùlọlá, ó jẹun! Ó jẹun!"

"Ọlọ́run, a dúpẹ́ o! Kí ló dé tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́?"

"Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ariwo."

7.
Nígbà tí Màmá dé, ó sunkún díẹ̀ nítorí àwọn méjì tó lọ. Ṣùgbọ́n Onítìjú ti sanra, ó ń jáde wẹ̀ fúnra rẹ̀. Bọ́láwárìn ránṣẹ́ pe Zùwáírátù, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀.

"Mo dúpẹ́ pé o kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dúpẹ́ pé o kọ́ mi."

"Alihamudulilahi," ni Zùwáírátù dáhùn. "Ẹ̀yin náà lẹ gbà láti kọ́ ọ."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ má fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe ṣekárími. Ẹni tó ń bẹ̀rù, ẹ má fi ariwo fà á jáde, ẹ má sì rọ́ oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ẹ mú ohun tó ń dẹ́rù bà á kúrò, kí ẹ fún un láyè. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí ẹ̀kẹta gbà là.

Àwọn àgbà ní: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.