Ọmọ Wọ Bàálù, Òkú Gba Títì

Bàálù kì í lò ju wákàtí kan lọ láti Àbújá dé Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gbé òkú ìyá Fọlárìn á rin odindi ọjọ́ kan.

Awakọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ọmọ ló ń pe òkú kọjá odò.”

“Ṣé ó máa sọnù ni?” Fọlárìn rẹ́rìn-ín, ó wọ bàálù lọ.

Lálẹ́, òun nìkan ló wà nílé ìyá rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ pè é: “Ẹ̀gbọ́n, pósí ti fúyẹ́ látìgbà tá a ti kọjá Odò Ọya.”

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, àmọ́ omi ń kán ní yàrá ẹ̀yìn. Ọwọ́ kan, tútù nini, gbá a lọ́rùn mú.

“Mo retí ohùn rẹ títí létí odò, Fọlárìn. Dìde, ká padà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn ín.”